Ààlà Tó Wà Láàárín Rẹ́jísírì àti Pẹpẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham àti Houston, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tí ẹ ń bá wọn jiyàn lórí fóònù, mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín tó lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ obìnrin. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹ kì í jà lórí ohun kan náà. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ pẹpẹ: kí ni Ọlọ́run wí, ta ni àlùfáà lè gbọ́wọ́ lé lórí. Ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ rẹ́jísírì: ta ni yóò jogún ilé, ta ni dókítà yóò pè bí àìsàn bá dé lóru. Àwọn méjèèjì á wá máa pariwo mọ́ra wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ààlà yẹn ni mo fẹ́ bá yín tọ̀, kí kálukú tó máa sọ ibi tí òun dúró sí.

Kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti rí i. Àwa la máa ń ṣe ìgbéyàwó mẹ́ta fún ẹni méjì kan ṣoṣo. Ẹbí á jókòó fún ìdána, alága ìdúró àti alága ìjókòó á máa dára wọn lóhùn. Ìjọ á súre, tàbí kí ìmáàmù so yìgì. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì á lọ sí rẹ́jísírì ìjọba ní Ìkòyí pẹ̀lú ẹlẹ́rìí díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á ya fọ́tò níta, wọ́n á wá oúnjẹ lọ. Èyí tí kò ní ariwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni lọ́yà kọ́kọ́ ń béèrè bí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé. Kò sí adájọ́ tó ń wo fídíò ìdána.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹjọ́ kan fún yín. Ní Èkó, ní ọdún 1898, wọ́n dá ẹjọ́ tí àwọn tó ń kọ́ òfin ṣì ń kà títí dòní, ẹjọ́ Cole àti Cole. Ọkùnrin kan tó ti gbé ìyàwó ní ìlànà Kìrìsìtẹ́nì kú, ó fi aya kan àti ọmọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé sílẹ̀. Arákùnrin olóògbé dìde, ó ní nínú àṣà ìbílẹ̀, òun ni àrólé. Ilé ẹjọ́ kò gbà fún un. Wọ́n ní irú ìgbéyàwó tí olóògbé yàn ti mú ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà yẹn, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pín in, fún àǹfààní aya àti ọmọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fà níbẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá inú Ọlọ́run dùn sí ìgbéyàwó náà. Opó kan ń wá bí wọn kò ṣe ní lé òun kúrò lórí ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀.

Ọdún 115 lẹ́yìn náà, irú ẹjọ́ yẹn gan-an dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Edith Windsor àti Thea Spyer, obìnrin méjì, ti jọ wà fún ohun tó lé ní 40 ọdún ní New York. Ní 2007 wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní Toronto, nítorí pé Kánádà ti fàyè gbà á. Spyer kú ní 2009, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún Windsor. Ká ní ọkọ ni Spyer, ìjọba àpapọ̀ kì bá tí gba kọ́bọ̀ lórí ogún náà. Nítorí pé obìnrin ni, wọ́n ní kí opó rẹ̀ san $363,053. Ní 26 Oṣù Kẹfà 2013, ilé ẹjọ́ dá Windsor láre. Ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù náà, ní 2015, ìdájọ́ Obergefell ṣí ilẹ̀kùn rẹ́jísírì sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Adájọ́ Kennedy tó kọ ìdájọ́ kejì yìí sọ ọ́ kedere nínú rẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn tó gbà pé kò tọ́ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi ìgbàgbọ́ wọn kọ́ni. Opó ti Èkó àti opó ti New York, ohun kan náà ni wọ́n bá lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá ka ẹjọ́ Windsor láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kí pásítọ̀ kan wá súre fún òun.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ààlà yìí máa ń gbà fara hàn, èyí sì kan àwọn ọmọ Mùsùlùmí wa gan-an, àti ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ra wọn bí a ti mọ̀ ọ́n. Ní 1998, wọ́n so yìgì fún obìnrin kan ní ilé oúnjẹ kan ní Southall, ìmáàmù wà níbẹ̀, ẹbí péjọ. Àwọn méjèèjì kò lọ sí rẹ́jísírì. Nígbà tí ilé tú, tí obìnrin náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba sọ ní Oṣù Kejì 2020 pé lójú òfin, wọn kò ṣe ìgbéyàwó kankan. Níwájú Ọlọ́run àti ẹbí, aya ni. Níwájú ìjọba, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ èyí ju àwa ará Nàìjíríà lọ, nítorí pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 ní Bẹ̀nẹ̀ sọ pé ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe nìkan ni òfin mọ̀. Ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí ìjọba ti gba ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìjọ láti 1792.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo jù pé rẹ́jísírì fẹ́ gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn. Ta ló mú kí rẹ́jísírì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ ó rò pé àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni. Rárá o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1753 pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí Júù àti àwọn Quaker, kò sí ìgbéyàwó tó dúró àfi èyí tí wọ́n bá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Onítẹ̀bọmi tó fẹ́ gbé ìyàwó, Kátólíìkì tó fẹ́ gbé ìyàwó, iwájú àlùfáà ìjọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò ti lọ kúnlẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí ló ń jà fún àyípadà títí òfin 1836 fi dé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó fún ìjọba ní tábìlì tirẹ̀, tó sì jẹ́ kí ilé ìsìn yòókù lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìsọ́ òru ní Old Kent Road ní London, ẹ̀yin gan-an ni ọmọ ọmọ àwọn tó ní kí pẹpẹ ẹlòmíràn má ṣe di dandan fún àwọn.

Èkó tiwa náà ní irú rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó 1884 sọ pé ọkọ kan aya kan. Ní 1891, àwọn kan fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, wọ́n sì gba olóbìnrin púpọ̀ láyè láti jẹ́ ọmọ ìjọ. Ìjọ ní tirẹ̀, òfin ní tirẹ̀. Àwọn bàbá wa àgbà gbé láàárín méjèèjì, wọn kò sì kú. (Àwọn ìyálé wọn ló yẹ kí ẹ bi bó ṣe rọgbọ sí, ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlú Ọba, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé. Òfin 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá 2005, kọ́kọ́ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní ohun tí wọ́n pè ní civil partnership. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀tọ́ tọkọtaya ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é nínú ilé ìsìn, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìsìn nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí i. Ó tó ìparí 2011 kí wọ́n tó gba ìjọ tó bá fẹ́ láyè láti yá wọn ní ilé ìsìn. Nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan tún gba ilé ẹjọ́ lọ pé àwọn náà ń fẹ́ civil partnership, àwọn kò fẹ́ ìgbéyàwó. Wọ́n borí ní 2018. Ayé fẹ̀.

Òfin 2013 ló wá sọ ọ́ di ìgbéyàwó ní England àti Wales. Àwọn àkọ́kọ́ sì ṣe tiwọn ní 29 Oṣù Kẹta 2014. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín, àti ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn àti ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ ọ́, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba ní àgádágodo mẹ́rin làwọn fi ti ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ẹnikẹ́ni kò lè fi agbára mú ìjọ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti ṣe é. Ìjọ tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i kò tiẹ̀ lè ṣe é rárá. Wọ́n tún òfin ìdọ́gba ṣe kí ẹnikẹ́ni má lè pe àlùfáà lẹ́jọ́ nítorí pé ó kọ̀. Èyí tó kẹ́yìn kan ìjọ Áńgílíkà nìkan, ìdí rẹ̀ sì lẹ́kọ̀ọ́. Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ ìjọba ní England: ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́tọ̀ọ́ kí àlùfáà ibẹ̀ so òun pọ̀, òfin ìjọ náà sì jẹ́ ara òfin ilẹ̀. Bí wọn ò bá là á sílẹ̀, ẹ̀tọ́ àdúgbò yẹn ì bá ti di okùn lọ́rùn àlùfáà. Wọ́n là á sílẹ̀. Láti òpin 2023, àwọn bíṣọ́ọ̀bù fàyè gba àdúrà kan tí àlùfáà tó bá fẹ́ lè gbà fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ nínú ìsìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó. Kí wọ́n tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà lásán yìí, ètò láti fàyè gbà á ti tó láti mú kí àwọn olórí ìjọ Áńgílíkà tó péjọ ní Kigali ní Oṣù Kẹrin 2023, tí ìjọ Nàìjíríà wà lára wọn, sọ pé àwọn kò ka bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury sí olórí mọ́.

Ẹ ò rí i pé ìjà inú ìjọ ni ìyẹn? Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Àwọn Quaker ní Ìlú Ọba ti gbà á láti 2009. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì jíròrò fún ọdún púpọ̀. Ní 30 Oṣù Kẹfà 2021 wọ́n dìbò, 254 gbà, 46 kò gbà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún òjíṣẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Bí ìwọ bá fẹ́ kí ìjọ rẹ yí padà, jókòó sínú ìjọ, sanwó ìdámẹ́wàá rẹ, kí o sì máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ tàbí tí ó fi sú ọ. Má ṣe ní kí ìjọba bá ọ di ọwọ́ pásítọ̀ mú kó gbé e lé ọ lórí. Ìbùkún tí ọlọ́pàá dúró tì, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Ṣùgbọ́n ààlà kì í ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Akọ̀wé ìgbéyàwó kan wà ní Islington, Lillian Ladele ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí civil partnership tó dé, ó ní ìgbàgbọ́ òun kò jẹ́ kí òun lè kọ ọ́. Ó gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ó borí ní 2008, wọ́n yí i dànù lókè, ó sì gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, níbi tí ó ti pàdánù ní Oṣù Kìíní 2013. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Iṣẹ́ yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀gá tó gbọ́n ì bá fi ọgbọ́n pín iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn kí ó tó dé ilé ẹjọ́. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ilé ẹjọ́ ṣì í. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì rẹ́jísírì, ìjọba ló jókòó fún. Òṣìṣẹ́ yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹ kọ orin ìsìn tàbí ka Bíbélì ní rẹ́jísírì, tí inú ń bí àwọn ìyá ìyàwó wa sí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó máa wàásù fún yín, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín wàásù fún ẹlòmíràn.

Nílé wa ńkọ́? Ní Oṣù Kìíní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni méjì bẹ́ẹ̀ tó bá ṣe ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá so wọ́n pọ̀, tó jẹ́rìí sí i, tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí kò ká wọn lára ni pé òfin náà kò dúró sí rẹ́jísírì: ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó sọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà kò ké gbàjarè, nítorí pé ohun tí ìjọba sọ bá ti ọkàn wọn mu. Ọjọ́ tí ìjọba bá tún gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé wá sọ ohun tí kò bá tiwọn mu, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Ìwọ ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, tí ò ń ka èyí ní ìkọ̀kọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọ.

Ìwé tí o fọwọ́ sí ní Croydon, òfo ni ní Nàìjíríà. Òfin 2014 yẹn dárúkọ ìwé ilẹ̀ òkèèrè, ó ní kò wúlò. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba kò ní sọ fún adájọ́ ní Èkó pé kó gbójú kúrò. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ilẹ̀ ní Lẹ́kí tàbí ilé ní Ìjẹ̀bú, ẹ lọ bá lọ́yà méjì, ọ̀kan ní Ìlú Ọba, ọ̀kan nílé, kí ẹ sì kọ wíìlì nígbà tí ara ṣì dá. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ síwèé rárá, tí ẹ kàn jọ ń gbé ní London, ẹ mọ̀ pé bí ọ̀kan bá kú láìkọ wíìlì, òfin ogún kò mọ èkejì rí. Àbúrò olóògbé á ti Ìbàdàn dé bí arákùnrin Cole.

Má sì fi ọmọ ọlọ́mọ bo àṣírí. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ìyá rẹ ń gbààwẹ̀, àwọn àǹtí rẹ ti ń fi fọ́tò omidan ránṣẹ́, o sì rò pé bí o bá ṣe ìdána kan ariwo á dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́, ní ilé yín. Ilé ọmọbìnrin yẹn ni ariwo á lọ. Rẹ́jísírì á kọ ọ́ pé ọkọ ni ọ́, pásítọ̀ á súre, ẹbí á jẹ iyán, kò sì ní sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ òótọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ́ yẹn lálaalẹ́, tí yóò máa rò pé òun ni kò lẹ́wà tó. Bí o bá fẹ́ dá wà, dá wà. Bí o bá fẹ́ dákẹ́, dákẹ́. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ipá mú ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má fa ẹni tí kò mọ nǹkan kan wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka ohun tí mo kọ sí àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà gbọ́ o: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ lè sọ pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ lè sọ pé ìjọ yín kò ní ṣe é, ẹ sì lè sọ pé ẹ kò ní jókòó fún ìdána. Ẹ̀tọ́ yín ni gbogbo ìyẹn. Kí ẹ ti ọmọ síta nínú òtútù, òfin kò ní kí ẹ ṣe ìyẹn, n kò sì mọ ẹsẹ̀ Bíbélì tàbí Kùránì tó pa á láṣẹ.

Ó ku ìbéèrè tí ọ̀kan nínú yín bi mí tààrà: Bàbá, bí wọ́n bá pè yín, ẹ ó lọ? Bó bá jẹ́ Ìkòyí ni, n kò ní tàn yín. Kò sí ẹni tó máa pè mí síbẹ̀, ọjọ́ orí mi kò sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10 mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ rẹ́jísírì ní Ìlú Ọba, tó jẹ́ ọmọ mi tàbí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, màá wọ agbádá mi, màá lọ. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń béèrè. Bí wọ́n bá yíjú sí mi, màá fọwọ́ sí i, nítorí ohun tí mò ń jẹ́rìí sí ni pé mo gbọ́ tí àwọn méjì sọ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba pé àwọn á ru ẹrù ara àwọn. Pásítọ̀ mi kò ní sí níbẹ̀, n kò sì ní bi í léèrè ìdí. Lọ́jọ́ Àìkú màá jókòó sí àyè mi nínú ìjọ bí mo ti ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ibi tí mo lọ ní Sátidé, màá sọ fún un.